Wọ́n há àbí wọn ò há? Bí ìròyìn ṣe gbé wàhálà ọkọ̀ Starliner

Ọjọ́ Friday, 28 oṣù Kẹfà 2024, àwọn NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ sánmà ní Amẹ́ríkà, pe àwọn oníròyìn jọ sórí fóònù. Kì í ṣe iwájú kámẹ́rà o, fóònù ni, ohùn nìkan lẹ máa gbọ́. Steve Stich, tó jẹ́ ọ̀gá lórí ètò tí NASA fi ń háyà ọkọ̀ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni láti gbé èèyàn lọ sánmà, là á mọ́lẹ̀ pé Butch àti Suni, àwọn méjì tí ọkọ̀ Starliner ti Boeing gbé lọ sánmà, ò há sójú òfúrufú, pé wọn ò tíì kánjú mú wọn bọ̀ ni. Mark Nappi tó ń bójú tó Starliner fún Boeing nígbà yẹn náà dá sí i, ó ní ohun táwọn èèyàn ń kọ kiri ń dun òun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní káwọn èèyàn má lò yẹn gan-an ló wà nínú àkọlé ìròyìn káàkiri. Ṣé ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá ti dédé bọ́ síta tó ń pariwo pé "èmi ò jalè o", ojú táwọn ará àdúgbò á fi máa wò ó yàtọ̀.

Mo ti ń tọpa ọ̀rọ̀ yìí látìbẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ tò ó sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá bi ẹni mẹ́wàá lónìí, mẹ́sàn-án á sọ fún yín pé àwọn méjì kan há sójú sánmà fún oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó lọ gbà wọ́n sílẹ̀. Díẹ̀ nínú ẹ̀ jóòótọ́, púpọ̀ nínú ẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ibi tó sì yẹ kí àyà ti já èèyàn jù lọ, ọ̀pọ̀ ò gbọ́ nípa ẹ̀ rárá.

Ọdún 2014 ni NASA pín iṣẹ́ fún iléeṣẹ́ méjì pé kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tí á máa gbé èèyàn lọ sí ISS, ibùdó tó ń yípo ayé yẹn. Boeing gba bílíọ̀nù 4.2 dọ́là, SpaceX gba bílíọ̀nù 2.6. Àtọdún 2020 ni SpaceX ti ń gbé èèyàn. Ti Boeing, ìyẹn Starliner, nígbà tí wọ́n rán an lọ lófìfo lóṣù Kejìlá 2019, aago inú ẹ̀ fi wákàtí 11 ṣìnà, ló bá ń jó epo nígbà tí kò yẹ kó jó o, kò sì débi tó ń lọ. 2022 ló tó débẹ̀, lófìfo náà ni. Ó wá kan kó gbé èèyàn. 6 oṣù Karùn-ún 2024, àwọn méjèèjì ti wọlé jókòó, fáàfù kan lára rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas V ní òun ò ṣe mọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tún ìyẹn ṣe ni wọ́n ti rí i pé gáàsì helium ń jò lára ọkọ̀ Starliner fúnra ẹ̀, wọ́n ṣírò ẹ̀ títí, wọ́n ní ó kéré, kó máa lọ bẹ́ẹ̀. 1 oṣù Kẹfà, wọ́n tún jókòó, kọ̀ǹpútà ilẹ̀ dá a dúró nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀. 5 oṣù Kẹfà ló tó gbéra ní Cape Canaveral ní Florida.

Ẹ má sì gbàgbé pé oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà ni nǹkan tí wọ́n fi dí ojú ilẹ̀kùn kan lára bàálù Boeing 737 MAX 9 ti Alaska Airlines já bọ́ lókè, tí gbogbo ayé rí fídíò ihò gbàǹgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga èrò. Torí náà kí Starliner tó kúrò nílẹ̀ rárá, àwọn oníròyìn ti ní ìtàn kan tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa fi sí: Boeing ti tún ba nǹkan jẹ́. Èèyàn tó bá ń wá ejò, okùn pàápàá á jọ ejò lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé nínú koríko yìí, ejò wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn tó wọ̀ ọ́ kì í ṣe ọmọdé. Barry Wilmore, Butch lẹni gbogbo ń pè é, ẹni ọdún 61, àti Sunita Williams, Suni, ẹni ọdún 58, ọ̀gá ológun ojú omi Amẹ́ríkà làwọn méjèèjì, iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ sì ni kí wọ́n máa gbé bàálù tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé rí fò káàkiri kí wọ́n rí ibi tó ti máa ṣe wàhálà. Àwọn méjèèjì ti lọ sí ISS rí. Ìrìnàjò bí ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n sọ fáyé pé èyí máa jẹ́. Ẹ fi "ọjọ́ mẹ́jọ" yẹn sọ́kàn o, òun ni wọ́n fi gbá wọn lójú títí ọ̀rọ̀ náà fi parí.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yéèyàn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ náà ṣe rí díẹ̀. Ọ̀nà méjì ló pín sí: ibi táwọn èèyàn ń jókòó sí, ìyẹn ló máa padà wálé, àti apá ẹ̀yìn tí wọ́n kó epo àti ẹ̀rọ sí. Lára apá ẹ̀yìn yìí ni ẹ́ńjìnnì kéékèèké 28 wà tí wọ́n ń pè ní thruster, àwọn ni wọ́n fi ń yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, tí wọ́n fi ń tì í síwájú díẹ̀ fà á sẹ́yìn díẹ̀, gáàsì helium ló sì ń ti epo lọ bá wọn. Inú àpótí mẹ́rin ni wọ́n tò wọ́n sí, doghouse làwọn tó ṣe é ń pè é, ilé ajá. Inú ilé ajá yìí ló wá gbóná ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Apá ẹ̀yìn yìí kì í padà sílẹ̀ o, wọ́n máa ń já a sílẹ̀ kí ibi tí èèyàn wà tó wọ inú afẹ́fẹ́ ayé, òun á sì jóná sókè lọ́hùn-ún.

6 oṣù Kẹfà, ọkọ̀ ń sún mọ́ ibùdó, NASA ń gbé e sáfẹ́fẹ́ láìdáwọ́ dúró, ẹni tó bá fẹ́ lè jókòó sílé kó máa wò ó. Thruster bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́, wọn ò fi pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ohùn àwọn tó máa ń ṣàlàyé lórí ètò NASA ṣe rí, bí ẹni ń ka ojú ọjọ́ ni. Àkókò tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ so ó mọ́ ibùdó kọjá. Wọ́n ní kí ọkọ̀ dúró níta ààlà 200 mítà tí wọ́n fi yí ibùdó ká, kí àwọn tó wà nílẹ̀ wo ohun tí wọ́n lè tún tàn. Márùn-ún ló kú lápapọ̀, wọ́n jí mẹ́rin padà, ó wá so lẹ́yìn wákàtí kan àti díẹ̀, ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú 34 lọ́sàn-án ní Florida. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, Suni wọlé ó ń jó, àwọn tó wà nínú ibùdó ń dì mọ́ wọn. Ijó yẹn làwọn tẹlifíṣọ̀n gbé lálẹ́. Wọ́n dárúkọ thruster, òótọ́ ni, wọ́n dárúkọ helium tó tún ń jò níbòmíì, ṣùgbọ́n bí ohun tí wọ́n ti borí ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́ ìpadàbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún. 14 oṣù Kẹfà. Ó di 18. Ó di 22. Ó di 26. Nígbà tó di 21 oṣù Kẹfà wọ́n ní ó di oṣù Keje, wọn ò sì dárúkọ ọjọ́ kankan mọ́. Ibí ni mo ti dá NASA lẹ́bi jù lọ, n ò fẹ́ purọ́. Ẹni tó bá jẹ gbèsè tó ń sọ fún ẹ pé lọ́la, lọ́tùn-ún-la, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti kọ́ ẹ bó o ṣe máa rò nípa òun. Tó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ kìíní ni wọ́n ti jáde sọ pé ẹ gbọ́, ọkọ̀ tuntun nìyí, a fẹ́ dán an wò ni, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ó lè jẹ́ oṣù méjì, ibi tí àkọlé á bá gbà yẹn ì bá yàtọ̀. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn náà ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́jọ́ yẹn. 12 oṣù Kẹfà, nǹkan bí aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní Houston, níbi tí NASA ti ń darí ìrìnàjò sánmà, ẹni tó bá ń wo ètò NASA lórí íntánẹ́ẹ̀tì dédé gbọ́ ohùn kan tó ń sọ pé ẹnì kan nínú ibùdó wà nínú ewu, pé àìsàn tó máa ń ṣe èèyàn tí agbára afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá ṣàdédé já wálẹ̀ ló ń ṣe é, kí wọ́n yára gbé e sínú aṣọ òfúrufú, ohùn náà tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tí wọ́n máa gbé e lọ ní Sípéènì tí ọkọ̀ bá balẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí ọkọ̀ tó ń jò débẹ̀. Àwọn èèyàn gba ohùn náà sílẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri, àwọn kan ti ń ṣàdúrà. Ìdánrawò ni o! Àwọn kan nílẹ̀ ló ń fi ara wọn dánrawò, ẹ̀rọ kan gbé ohùn wọn sójú ètò tí gbogbo ayé ń gbọ́. Àwọn tó wà ní ibùdó gan-an ń sùn. NASA jáde sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe ẹnikẹ́ni, SpaceX náà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí àyà bá ti já, kì í tètè padà sáyè ẹ̀. Mo sì fún àwọn oníròyìn ní oríyìn níbí, torí èyí tó pọ̀ nínú wọn bi NASA kí wọ́n tó kọ ọ́, àwọn tí ò bi ẹnikẹ́ni ló ń pariwo.

Kí ló dé tí wọn ò kàn bọ̀ wálé? Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ìròyìn dáhùn nìyẹn, ìdáhùn ẹ̀ ò sì le. Apá ẹ̀yìn tó ní àrùn lára yẹn, tí wọ́n bá ti tú u kúrò níbẹ̀, ó ti jóná nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa tún rí i wò mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣe é, àfi kó wò ó níbi tó wà. Torí náà wọ́n gbé irú thruster kan náà lọ sí White Sands ní New Mexico, wọ́n tàn án pa á bó ṣe ṣẹlẹ̀ lókè, wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé ooru ti mú kí ègé Teflon kékeré kan, irú ike kan ni, wú, ó dí ọ̀nà tí epo ń gbà. Kékeré ni ègé náà o, ẹ lè mú un sórí ìka. Nǹkan tó dá ọkọ̀ olówó bílíọ̀nù dúró nìyẹn. Ìròyìn tó ṣàlàyé èyí wà, àwọn tó ń kọ̀wé nípa sánmà lójoojúmọ́ ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n Teflon tó wú ò lè bá "wọ́n há sójú sánmà" dù ú. Ta ló fẹ́ ka Teflon?

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀. Lédè tiwa, eegun ẹja há sọ́fun, ìka há sẹ́nu ilẹ̀kùn, ohun tó há ò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ní stuck, ó ní stranded, èkejì yìí gan-an ló ń bí NASA nínú torí ó dà bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi já sétí òkun tó sì bá tiẹ̀ lọ. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn lóṣù Kẹfà? Ọjọ́ méjì ṣáájú ìpè fóònù yẹn, ní 26 oṣù Kẹfà, sátẹ́láìtì Rọ́ṣíà kan tó ti kú fọ́ sí ègé tó lé ní 100 lókè, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó wà ní ibùdó sá wọnú ọkọ̀ tó gbé e wá bóyá ó máa bá wọn. Butch àti Suni sá wọ Starliner. Tó bá di dandan, òun náà ni wọn ì bá gbé wálé. Nítorí náà wọn ò há.

Ẹ dúró ná o. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé tí ilé bá ń jó nìkan lo lè wọ̀ ọ́, tí ilé ò bá jó wọ́n ní kó o má tíì fọwọ́ kàn án, kí la ń pe ìyẹn? Kì í ṣe há pátápátá, kì í sì ṣe òmìnira. NASA ò ní ọ̀rọ̀ fún un, àwọn oníròyìn náà ò ní, làwọn ìhà méjèèjì bá ń fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí àwọn ọmọdé tó ń du bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń wò wọ́n ò wá mọ bí ọkọ̀ náà ṣe wà.

Ohun tó sì jẹ́ kí n má lè gbèjà NASA tán ni pé nígbà tí wọ́n ń sọ pé kò sí nǹkan, nǹkan wà lábẹ́ tábìlì. 14 oṣù Keje, wọ́n fún SpaceX ní 266,678 dọ́là pé kí wọ́n bá wọn ṣèwádìí kan lórí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Àwọn akọ̀ròyìn tó mọ ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà máa ń to ìwé iṣẹ́ àkànṣe sí ló tú u síta. Iléeṣẹ́ ìròyìn Ars Technica gbé e jáde níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ pé ó jọ pé torí Starliner ni, NASA ní kì í ṣe torí ẹ̀ gan-an. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé lẹ́yìn ẹ̀, 7 oṣù Kẹjọ, àwọn NASA kan náà jáde sọ fáyé pé bẹ́ẹ̀ ni, ètò kejì wà nílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọkọ̀ SpaceX ló máa gbé wọn bọ̀, tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó di oṣù Kejì 2025. Irú iṣẹ́ ìròyìn tí mo fẹ́ràn nìyí: kò sí ariwo, kò sí "há", ìwé owó lásán ni wọ́n kà.

24 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ Saturday, Bill Nelson tó jẹ́ ọ̀gá àgbà NASA nígbà yẹn jókòó ní Houston, ó dárúkọ Challenger àti Columbia, ọkọ̀ méjì tí èèyàn 14 kú sínú wọn lọ́dún 1986 àti 2003, ó ní nítorí ohun tí wọ́n rí lára ìyẹn, Starliner máa padà lófìfo. Ẹ wò ó, àwọn Boeing ò sí lórí tábìlì ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ lóṣù Kẹfà àwọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ jù.

Ṣé ó wá tán? 31 oṣù Kẹjọ, Butch pe Houston pé òun ń gbọ́ ariwo kan látinú sípíkà Starliner, gbìn, gbìn, gbìn, ó gbé máíkì sẹ́nu sípíkà káwọn náà lè gbọ́. Ẹni tó máa ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ wọn gba a sílẹ̀, kó tó di ọjọ́ kejì ẹ̀mí àìrí ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ará òde ayé ti wọ̀ ọ́. Ohùn tó ń padà wọ ara ẹ̀ láàárín ẹ̀rọ ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ibùdó ni, irú èyí tí máíkì máa ń ṣe tó bá sún mọ́ sípíkà jù. N ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

6 oṣù Kẹsàn-án ọkọ̀ náà tú kúrò lófìfo, ó balẹ̀ sí White Sands lóru pẹ̀lú páráṣúùtù, jẹ́ẹ́jẹ́, ibi tó yẹ kó balẹ̀ sí gan-an. Làwọn kan bá ní ṣé ẹ rí i, wọn ì bá ti wọ̀ ọ́. Irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú: ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ já sódò tó bá dé èbúté, kò sọ ọkọ̀ ẹ̀ di rere.

Ohun tí mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa rèé, torí n ò rí ẹni tó pariwo ẹ̀. Láti ọjọ́ tí Starliner lọ títí di 29 oṣù Kẹsàn-án tí ọkọ̀ SpaceX tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Freedom dé, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Butch àti Suni ò ní àga tiwọn nínú ọkọ̀ kankan. Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n wọnú ọkọ̀ àwọn mẹ́rin mìíràn tó wà níbẹ̀, kí wọ́n dùbúlẹ̀ níbi tí wọ́n máa ń kó ẹrù sí lábẹ́ àga, kí wọ́n fi okùn so ara wọn mọ́ ibẹ̀. Aṣọ SpaceX tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn, Suni nìkan ló bá mu, ti Butch ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Tí ọ̀rọ̀ "há" bá ní ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lò ó nínú gbogbo ìtàn yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni. Àwọn ìròyìn ti lọ síbòmíì.

Freedom gbé èèyàn méjì wá dípò mẹ́rin, Nick Hague ti Amẹ́ríkà àti Aleksandr Gorbunov ti Rọ́ṣíà. NASA já àwọn obìnrin méjì sílẹ̀ lórí ìrìnàjò yẹn, Zena Cardman àti Stephanie Wilson, kí àga lè ṣẹ́ kù fún Butch àti Suni. Láti ọjọ́ yẹn ọkọ̀ wọn wà nílẹ̀, ó so mọ́ ibùdó. Suni tiẹ̀ ti di ọ̀gá ibùdó náà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí àwọn yòókù.

Oṣù Kọkànlá, fọ́tò Suni kan jáde, ojú ẹ̀ fún, àwọn ìwé ìròyìn kan wá dókítà tí kò fojú kàn án rí pé kó wá sọ bó ṣe ń rù. Suni fúnra ẹ̀ dáhùn látòkè pé ìwọ̀n tí òun gbé wá náà lòun ṣì wà, pé omi ara ló máa ń gòkè sójú níbi tí kò sí agbára tó ń fà á wálẹ̀, àti pé eré ìdárayá ti mú kí itan òun tóbi sí i. Ẹ wò ó, obìnrin tó ń darí ibùdó ISS ló ń ṣàlàyé itan ẹ̀ fún gbogbo ayé.

Nígbà tó di 2025, òṣèlú wọ̀ ọ́. 28 oṣù Kìíní, Elon Musk tó ni SpaceX kọ ọ́ pé ààrẹ Trump ní kí òun lọ mú àwọn tó há wálé, Trump náà kọ tiẹ̀ pé ìjọba tó lọ ló pa wọ́n tì. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ àkọlé lásán tẹ́lẹ̀ di ẹ̀sùn. Oṣù Kejì, CNN bi àwọn méjèèjì, Butch ní àwọn ò rò ó pé àwọn há, àwọn ò sì rò ó pé wọ́n pa àwọn tì, ó bẹ àwọn oníròyìn pé kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà, pé ẹni tó múra sílẹ̀ làwọn. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà kọjá, "há" dúró síbi tó wà.

14 oṣù Kẹta ni Crew-10, ikọ̀ tuntun tí SpaceX ń gbé lọ síbùdó, gbéra, ẹni tó bá ń gbọ́ níúsì lọ́sẹ̀ yẹn á rò pé àwọn agbẹ̀mílà ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń lọ rọ́pò wọn lẹ́nu iṣẹ́ ni, ọkọ̀ tó máa gbé Butch àti Suni wálé ti wà níbẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́fà tó ti ń wò wọ́n. 18 oṣù Kẹta, wọ́n já sómi nítòsí Tallahassee, àwọn ẹja dolphin ń yí ọkọ̀ ká, kámẹ́rà gbé e, ó dùn-ún wò. Ọjọ́ 286 ni gbogbo ẹ̀.

31 oṣù Kẹta, wọ́n bi Butch pé ta ló jẹ̀bi. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ òun, torí àwọn ìbéèrè kan wà tó yẹ kí òun bi kí wọ́n tó gbéra tí òun ò bi.

Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni Ars Technica gbé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Eric Berger ṣe fún Butch jáde, ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 6 oṣù Kẹfà 2024, ọjọ́ tí gbogbo wa wò ó. Nígbà tí thruster kẹrin kú, Butch ò lè darí ọkọ̀ náà sí gbogbo ìhà tó yẹ mọ́. Òfin tó wà nílẹ̀ ní kí wọ́n yí padà. Ṣùgbọ́n ó ń rò ó lọ́kàn pé thruster tí wọ́n fi máa sún mọ́ ibùdó náà ni wọ́n fi máa padà wálé, tí wọ́n bá yí padà báyìí, kò dá òun lójú pé àwọn lè délé. Ọwọ́ ẹ̀ ló fi ń wa ọkọ̀ nígbà yẹn. Houston wá ní kó gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀ pátápátá, kí wọ́n lè pa àwọn thruster náà kí wọ́n tún tàn wọ́n láti ilẹ̀. Ó gbọ́wọ́ kúrò.

Mo padà lọ wo fídíò ọjọ́ yẹn lẹ́yìn tí mo kà á. Ọkọ̀ náà funfun, òkun wà lábẹ́ ẹ̀, ó dúró níta ààlà 200 mítà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ń ṣe ló dà bíi pé ó ń sinmi.